Ìdúpẹ́ tí Mọ́mì Ṣe Kí N Tó Yan Ẹ̀kọ́ Mi

Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni ìjà yìí bẹ̀rẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wa ní Creekmouth, nílùú òyìnbó níbí, nígbà tí Mọ́mì gbé èso ọsàn lọ síwájú pẹpẹ, tó ní òun wá dúpẹ́ lórí mi.

Mo ti kàwé ìṣirò owó jáde, mo sì kórìíra rẹ̀. Eré orí ìtàgé tí wọ́n ń fi orin ṣe ló wù mí. Ilé ẹ̀kọ́ méjì ti gbà mí báyìí. Dìgírì orin ni ti àkọ́kọ́: ohùn ni wọn yóò máa tún ṣe, wọn yóò kọ́ mi láti ka àmì orin, eré ṣíṣe á kàn máa tẹ̀lé e lẹ́yìn. Dìgírì iṣẹ́ ọnà ni èkejì: orin, ijó àti eré ṣíṣe, ọgbọọgba. Ọjọ́ Ẹtì yìí ni mo gbọ́dọ̀ fún wọn lésì. N kò tíì mú ọ̀kan, Mọ́mì sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. "Ọmọ mi ń lọ kọ́ orin! Mo sì ti jẹ́jẹ̀ẹ́: tó bá jáde, kwáyà yìí ni yóò máa darí!"

Ìjọ ké halelúyà, wọ́n sì pín ọsàn náà jẹ. Níta, níbi tí a ti ń wọ bàtà wa, mo ní iṣẹ́ ọnà ló ń fà mí.

"Iṣẹ́ ọnà kẹ̀?" Bàbá olórí akọrin ní. "Ṣé o fẹ́ máa kun ilé ni?"

"Rárá, sà. Ijó àti eré wà nínú rẹ̀."

"Ijó! Ìwọ tí o máa ń dúró bí òpó iná nígbà tí gbogbo kwáyà bá ń mì?"

Àwọn ìyá ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Mọ́mì ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. "Gbogbo wọn ti jẹ ọsàn yẹn. Ṣé kí wọ́n bì í ni?"

Lọ́dọ̀ tiwa, tí wọ́n bá ti gbàdúrà sí èso, tí ìjọ sì ti pín in jẹ, ọ̀rọ̀ tó bá a dé pẹpẹ kò ṣeé kó padà mọ́.

"Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ jẹ́jẹ̀ẹ́, èmi kọ́."

"Tèmi-tìẹ dà? Ta ló bí ẹ?"

Nínú bọ́ọ̀sì, a ò jókòó pọ̀. Inú ń bí mi, àmọ́ ẹ̀rù wà nínú ìbínú náà, ìtìjú sì wà nínú ẹ̀rù yẹn. Mi ò mọ èwo ni kí n kọ́kọ́ sunkún lé lórí.

Lánàá, Bàbá olórí akọrin gbé téèpù wá sílé wa ní Eastbury. Ó fẹ́ wọn aṣọ olórí akọrin fún mi! Mo ní, "Ẹ wọn ara yín, sà." Ẹnu mi ló ti jáde, kò ṣeé gbé mì mọ́. Mọ́mì ní tí mo bá mú iṣẹ́ ọnà, kí n wá ilé tí n ó máa gbé.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé òótọ́ wà nínú èébú òpó iná yẹn. Ohùn mi dára, ẹsẹ̀ mi kò dára. Bóyá dìgírì orin ló tọ́ sí mi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá mú un báyìí, ta ló yàn án, èmi ni àbí àwọn tó jẹ ọsàn?

Ẹ̀yin tó ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọjọ́ Ẹtì ti dé tán. Èwo ni kí n mú?