Kíkà Tí Ìyá Àgbà Fẹ́ Fò Kọjá

"Fo ìyẹn. Ka ti ọ̀la."

Mo gbójú sókè kúrò nínú ìwé. Ìyá tó bí ìyá mi ló ń sọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, gèlè àdúrà ti wà lórí wọn. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ lórí òkè Ìdáàṣà, àwọn ẹtù ń ké nísàlẹ̀, òórùn ẹ̀gẹ́ tó ti kan sì gba gbogbo àgbàlá. N kò gbọ́ ọ rí kí wọ́n ní kí n fo kíkà. Àwọn gan-an ló ṣòfin pé a kì í fò ó.

Ìyá àgbà kò mọ̀wé. Ìjọ Àgùdà ní ìwé pélébé kan tí kíkà ọjọ́ kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀. Láràárọ̀, màá ka tọjọ́ náà ní Faransé, màá sì sọ ọ́ fún wọn ní èdè Ìdáàṣà. Wọ́n á dákẹ́ títí, lẹ́yìn náà wọ́n á gbàdúrà, ohun tí kíkà bá sì gbé wá nìkan ni wọ́n á fi gbà á. Bó bá jẹ́ apẹja ni, ìyá àgbà tí kò rí òkun rí á gbàdúrà fún àwọn obìnrin tó ń ta ẹja ní ọjà Glazoué. Lọ́jọ́ kan, orúkọ àwọn bàbá ńlá ló kún inú kíkà náà, lágbájá bí tàmẹ̀dò, tàmẹ̀dò bí lákáṣègbè. Mò ń rẹ́rìn-ín sínú pé ọwọ́ tẹ̀ wọ́n lónìí, kò sí àdúrà níbẹ̀. Wọ́n ní, "Àwọn ìyàwó wọn ńkọ́? Ta ló gbé oyún gbogbo ọmọ wọ̀nyẹn?" Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún àwọn obìnrin tí ìwé kò dárúkọ.

Torí irú ìyẹn ni mo ṣe máa ń tètè jí. Mo máa ń fẹ́ mọ ohun tí wọ́n máa rí nínú rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ tí mò ń sọ yìí, a wà nínú Ìgbà Àwẹ̀. Ohun tí kíkà wí ni pé bí èèyàn bá gbé ọrẹ wá fún Ọlọ́run, tó sì rántí pé ọmọ ìyá òun ń bínú sí òun, kó gbé ọrẹ náà kalẹ̀, kó kọ́kọ́ lọ parí ìjà.

Ọmọ ìyá wo? Gbogbo òkè ló mọ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá àgbà ń gbé lódìkejì àpáta pẹrẹsẹ tí àwọn obìnrin ń sá ẹ̀gẹ́ làfún sí. Nígbà ọyẹ́, ewúrẹ́ ẹ̀gbọ́n yìí jẹ ẹ̀gẹ́ ìyá àgbà. Inú bí ìyá àgbà, wọ́n gbé ìgbálẹ̀, wọ́n sì gbá gbogbo ẹ̀gẹ́ ẹ̀gbọ́n wọn sínú igbó. Láti ìgbà náà, wọn kò kí ara wọn mọ́. Bí ọ̀kan bá jókòó sápá ọ̀tún ní Mísà, èkejì á lọ sápá òsì.

"Màmá, ṣebí ẹ ní a kì í fo kíkà?"

"Mo wí bẹ́ẹ̀."

"Kí ló wá dé?"

"Ìwọ ọmọ yìí, ẹnu ẹ ti pọ̀ jù!"

Wọ́n tú gèlè, wọn kò gbàdúrà. Mo bá wọn dé orí àpáta, mo ń yí ẹ̀gẹ́ padà, mo sì ń béèrè ìgbà tí wọ́n máa gba àdúrà náà.

"Kí ni kí n sọ fún Un?" Ohùn wọn ti yí padà. "Bí n kò bá lè gba tòní, ojú wo ni màá fi gba tọ̀la? Àdúrà tán lẹ́nu mi nìyẹn."

"Ẹ lọ bá wọn, màmá."

"Kí n lọ ṣe kí ni? Kí n lọ kúnlẹ̀ fún ewúrẹ́?"

Lọ́sàn-án, ojú ọ̀run ṣú. Òjò àkọ́rọ̀ ni. Gbogbo obìnrin sáré jáde wá kó ẹ̀gẹ́. A kó tiwa tán, ṣùgbọ́n ti ẹ̀gbọ́n ìyá àgbà ṣì wà níta, ó funfun báláú lórí àpáta. Ẹ̀gbọ́n náà fúnra wọn jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n káwọ́ lẹ́rán, wọ́n ń wò wá.

"Kí ló ń ṣe wọ́n? Ṣé orúnkún ni?" ni ìyá àgbà ń wí. Omi kán sí mi lọ́rùn. "Áà! Obìnrin yìí le o!" Wọ́n tú ìró òkè, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, a sì ń kó ẹ̀gẹ́ náà sínú rẹ̀ wìtìwìtì. Mi ò tíì rí i kí àgbàlagbà sáré bẹ́ẹ̀. Wọ́n sọ ẹrù náà kalẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Òjò ń bọ̀, ẹ sì jókòó! Ẹ̀gẹ́ tó tó báyìí!"

"Mo ní kí n wò ó," ni ẹ̀gbọ́n wọn wí, "bóyá kíkà tó dé ilé mi láàárọ̀ dé ilé tìẹ náà."

Ẹnu yà mí. N kò rò ó rí pé ohun kan náà ni gbogbo ilé Àgùdà ń kà lọ́jọ́ kan náà.

"Ẹ mọ̀ pé mo máa wá?"

"Níbo ni mo ti fẹ́ mọ̀ ọ́n? Mo kàn gbé àpótí síta ni."

Lóòótọ́, àpótí méjì ló wà níbẹ̀. Ìyá àgbà wò ó, omi sì lé ròrò sójú wọn. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbá ẹ̀gẹ́ yín dànù. Ó ń dùn mí láti ọjọ́ náà."

"Ewúrẹ́ mi náà kò dáa. Jókòó, òjò ti dé."

Ọ̀sán ni wọ́n gba àdúrà òwúrọ̀ ọjọ́ náà, nígbà tí òjò ń lu páànù, tí ẹ̀gẹ́ sì wà láàárín àwọn méjèèjì. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ torí ariwo òjò. Ó dùn mí títí dòní, torí mo fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Àwọn méjèèjì ti sùn nínú Olúwa. Kòtònù ni mò ń gbé báyìí, orí tẹlifóònù sì ni mo ti ń ka kíkà mi. Àwọn àárọ̀ kan wà tí kíkà á dé ibi tó ti ń ro mí, ìka mi á sì ti fẹ́ fà á kọjá sí ti ọ̀la. Màá wá rántí pé kíkà yìí ti dé ilé ẹni tí mò ń bínú sí náà. Bóyá ó ti gbé àpótí kejì síta.