Ìjókòó Ẹ̀gbẹ́ Awakọ̀: Bí Mo Ṣe Lọ Wo Jíìpù Méjì ní Sókótó

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo ti ilẹ̀kùn ilé wa ní Ìlọrin, mo sì dúró díẹ̀ níwájú rẹ̀. Ní gbogbo ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí a fi gbé Sókótó, ìyàwó mi ló máa ń ti ilẹ̀kùn bí a bá fẹ́ rìnrìn àjò. Èmi á ti wà nídìí ọkọ̀, n ó máa fun fèrè pé kí ó yá. Lọ́jọ́ yìí kò sí ẹni tí n ó fun fèrè fún. Mo fi kọ́kọ́rọ́ sápò, mo gba ibùdókọ̀ lọ.

Jíìpù ni mo ń lọ wò, irú àwọn kékeré olówó ńlá tó gbòde báyìí. Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìyàwó mi, Ìyá Bíọ́lá, lẹ́nu, tí ọkọ̀ wa àtijọ́ wá lọ sílẹ̀ jù fún un, a tà á, a ní a ó ra jíìpù. Èmi fẹ́ ti Jámánì. Òun fẹ́ ti Japan, tó jẹ́ orogún rẹ̀ lọ́jà. Iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì ni mo ṣe fẹ̀yìn tì, nítorí náà mo wá ìwé kan, mo fa ìlà sí i, mo ń kọ agbára ẹ́ńjìnnì, epo tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mu, bí páàtì wọn ṣe wọ́n tó. Ọdún mẹ́ta ni mo fi wé wọn. Ìyàwó mi a máa bi mí pé, "Bàbá Bíọ́lá, ṣé àwọn méjèèjì ò tíì jà tán?" Wọn ò tíì jà tán nígbà tó kú, oṣù mẹ́rìnlá sẹ́yìn. Ọkọ̀ èrò ló ń wọ̀ lọ sí ọsibítù títí di ìgbà ìkẹyìn.

Lóṣù tó kọjá, Ràfíù pè mí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, òun ni mekáníìkì tó máa ń tún ọkọ̀ wa ṣe ní Mabera, àdúgbò tí a gbé ní Sókótó. Ó ní òun rí ọkọ̀ méjèèjì lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé mọ ohun tí òjò wa ń fi irin ṣe. Ilẹ̀ Sókótó gbẹ, ọkọ̀ ibẹ̀ kì í tètè dípẹtà. Ohun tí mo sọ fún Bíọ́lá ọmọ mi nìyẹn. Kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló ń gbé mi lọ.

Ọkọ̀ elérò méje ni mo wọ̀, ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì náírà. Awakọ̀ wo ewú orí mi, ó ní, "Bàbá, ẹ bọ́ síwájú níbí, kí ẹsẹ̀ yín lè ráyè nà."

Mo ní ẹ̀yìn tẹ́ mi lọ́rùn. Ó ní kí ló dé. Mo ní láti ìgbà tí mo ti mọ ọkọ̀ wà, n kì í jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń wà á.

"Ẹ ò rí i," ó sọ fún àwọn èrò, "awakọ̀ bíi tèmi ni Bàbá. Ẹ̀rù mi ló ń bà wọ́n." Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ilẹ̀ ń mọ́ nígbà tí a kọjá odò Ọya ní Jẹ́bà. Láti Mókwá lọ, kòtò pọ̀ ju ọ̀dà lọ, a sì ń yí bí ẹni ń jó. Ní Kòntàgórà a yà jẹun. Mo ra máásà mẹ́rin ní ẹgbẹ̀ta náírà, ìyẹn ìrẹsì lílọ̀ tí wọ́n ń dín nínú agbada oníhò, tí wọ́n ń fi ata gígún jẹ. Ó jọ mọ́sà tiwa, ṣùgbọ́n ó rọ̀ jù ú lọ, ó sì kan díẹ̀. Ọdún kejì tí a dé Sókótó ni ìyàwó mi ti mọ̀ ọ́n dín, débi pé àwọn aládùúgbò wa tó jẹ́ Hausa ń rán ọmọ wá rà á. Mo jẹ méjì, mo pọ́n méjì tó kù sínú bébà.

A wọ Sókótó kí oòrùn tó wọ̀. Ràfíù ti ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú ìrìn. Ẹ tún gbẹ sí i."

"Ìwọ sì sanra sí i. Ọkọ̀ ta lo jẹ?"

Ó gba báàgì mi. A jẹun tán kó tó kí mi kú ọ̀rọ̀ Mọ́mì, bó ṣe ń pe ìyàwó mi. Ó ní, "Ẹ kú ara fẹ́ra kù," ó sì gbé abọ́ wọlé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a lọ sí Kofar Rini, lẹ́bàá ẹnubodè àtijọ́ ìlú náà, nílé Àlájì Sambo tó ń ta àlùbọ́sà. Ọkọ̀ méjèèjì wà lábẹ́ ìbòòji kan ṣoṣo, funfun ni wọ́n, wọ́n ń dán. Èdè Hausa la fi sọ̀rọ̀.

"Malam," ó ní, bí wọ́n ṣe ń pe olùkọ́ níbẹ̀, "ìyàwó méjì ni mo ní. Mo ní n kò gbọdọ̀ gbé ọ̀kan lékè èkejì. Oṣù mẹ́rin ni mo fi wá ọkọ̀ méjì tó dọ́gba, mo sì rà wọ́n lọ́jọ́ kan náà."

"Kí ló wá dé tí ẹ fẹ́ tà wọ́n?"

"Ìyálé ní ti ìyàwó dára ju tòun lọ. Ìyàwó ní ti ìyálé dára ju tòun lọ. Mo ní kí wọ́n pààrọ̀. Wọ́n pààrọ̀ tán, ẹjọ́ tún bẹ̀rẹ̀ látòkè."

Ràfíù yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wúkọ́.

"Níbo ni wọ́n wà báyìí?"

"Wọ́n jọ wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá kan lọ síbi ìkómọ. Láti ìgbà tí mo ti ní n ó ta ọkọ̀ ni wọ́n ti ń jọ rìn."

Mo sọ fún un pé bàbá mi náà ní ìyàwó méjì, pé inú ìgàn kan náà ló ti ń gé aṣọ fún àwọn méjèèjì.

"Bàbá yín gbọ́n jù mí lọ," ó ní. "Ṣùgbọ́n aṣọ ò ní ẹ́ńjìnnì. Iye kan náà ni mo ń tà wọ́n o. Ẹ má ná an. Tí mo bá yọ kọ́bọ̀ lára ọ̀kan, wọ́n á gbọ́."

Mo kọ́kọ́ wa ti Jámánì lọ sí Minanata, mo wà á bọ̀. Gbogbo ohun tí mo kọ sínú ìwé mi ló rí bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu bí akẹ́kọ̀ọ́ rere. Mo fẹ́ sọ pé òun ni mo mú, ni Àlájì bá ṣí ilẹ̀kùn apá kejì, ó gbá eruku orí àga rẹ̀.

"Malam, ta ni yóò máa jókòó síbí?"

Ràfíù ló dáhùn pé ìyàwó mi ti kú.

"Allah ya jikanta," ni Àlájì wí, ìyẹn ni pé kí Ọlọ́run ṣàánú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ní gbogbo oṣù mẹ́rin yẹn, awakọ̀ mi ni mo ń bi léèrè èyí tó dára. N kò bi àwọn tí yóò jókòó."

Mo ṣí ìwé mi. Ìlà mẹ́tàdínlógún ló wà níbẹ̀. Kò sí ọ̀kan fún ìjókòó ẹ̀gbẹ́ awakọ̀.

Mo fún Ràfíù ní kọ́kọ́rọ́. "Wà á. Èmi ni n ó jókòó síbẹ̀."

Nínú ti Jámánì, gbogbo ohun tó wà níwájú ló kọjú sí awakọ̀. Mo dà bí àlejò nínú ọ́fíìsì ẹlòmíràn. Nígbà tí a bọ́ sínú ti Japan, n kò gbé ẹsẹ̀ sókè jù, n kò sì bẹ̀rẹ̀. Ìdí mi kàn bá àga pàdé ni. Fèrèsé rẹ̀ lọ sílẹ̀. Mo ní kí Ràfíù gba òpópónà wa àtijọ́ ní Mabera.

Ọ̀tún ni ilé tí a gbé wà bí a bá ń bọ̀ láti ọjà. Láti ìdí ọkọ̀, géètì nìkan ni mo máa ń rí. Ṣùgbọ́n láti ibi tí mo jókòó sí yìí, ojú mi ré orí ògiri kọjá sínú ọgbà. Igi zogale, ìyẹn mọ̀ríńgà, tí ìyàwó mi gbìn sẹ́bàá ilé ìdáná ṣì wà níbẹ̀, ó ti ga ju òrùlé lọ, obìnrin kan tí n kò mọ̀ ń já ewé rẹ̀ fún ọbẹ̀. Àìmọye ìgbà ni Ìyá Bíọ́lá ti sọ níbí yìí pé, "Bàbá Bíọ́lá, ẹ wo igi mi." Mo máa ń dáhùn pé mo ń wakọ̀.

"Rọra, Ràfíù."

"Bàbá, kẹ̀kẹ́ wà lẹ́yìn wa."

"Mo mọ̀. Rọra."

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ìdí tó fi fẹ́ ti Japan. Ó ti jókòó nínú ọ̀kan rí, nígbà tí wọ́n gbé e lọ síbi ìgbéyàwó. Ó ní, "Ọkọ̀ tí èmi náà á ti máa rí ọ̀nà ni mo fẹ́." Mo sọ fún un nígbà náà pé ìyẹn kì í ṣe àlàyé.

Mo ra ti Japan. Àlájì mí kanlẹ̀. "Ti ìyálé ni. Á ní tòun ni mo kọ́kọ́ lé jáde."

"Ẹ sọ fún un pé tirẹ̀ ló wu ènìyàn," ni Ràfíù wí.

"Kí ìyàwó sì gbọ́?"

Ràfíù fẹ́ lọ wo ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, òun ló sì wa ọkọ̀ náà bọ̀. Apá ọ̀tún ni mo jókòó sí títí. Ní Jẹ́bà, mo rí àwọn ọkọ̀ ojú omi apẹja. Ìyàwó mi a máa sọ pé wọ́n tò bí bàtà lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Mo máa ń ní mo gbọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n tò.

Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi kò pọ̀. Ẹni tó bá ń wé nǹkan méjì, kí ó bi ẹni tí wọn yóò jọ lò ó, kí ó sì bi í nígbà tó ṣì lè dáhùn.

Bíọ́lá pàdé wa ní ibùdókọ̀ Ìlọrin, níbi tí Ràfíù ti wọkọ̀ lọ sílé. Ó yí ọkọ̀ náà po, ó wá dúró lọ́dọ̀ mi.

"Dádì, kí ló dé tí ẹ jókòó sí àyè Mọ́mì? Ẹ ò ní wà á délé?"

"Ìwọ wà á."

Ó wà á. Nígbà tí ó ku díẹ̀ ká délé, mo rí igi zogale kan tó yọ orí lẹ́yìn ògiri ẹnì kan, ó ti tanná funfun. Mo ní, "Bíọ́lá, wo igi yẹn."

"Dádì," ó ní, "mo ń wakọ̀."