Búrẹ́dì Aláìsàn

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Kẹ́mta, l'Abẹ́òkúta, aláìsàn nìkan ló ń jẹ búrẹ́dì àti tíì oní-mílíìkì láìjẹ́ pé ọdún dé. Àwa tí ara wa le, láfún ni tiwa lọ́sàn-án àti lálẹ́, ẹ̀kọ gbígbóná láàárọ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí bí òórùn búrẹ́dì ṣe máa ń gbalẹ̀ lójú ọ̀nà iléèwé, tí itọ́ á máa dà lẹ́nu ẹni.

Mo díbọ́n àìsàn lẹ́ẹ̀kan. Mo dùbúlẹ̀, mo ń kérora. Màmá fọwọ́ kan ọrùn mi, wọ́n wò mí lójú, wọ́n sì lọ bu àgbo dóńgóyárò wá, ife ńlá kan. Mo mu ún tán, wọ́n tún ní kí n dìde lọ fọ gbogbo abọ́ ilé.

Jímọ̀, àbúrò mi ọkùnrin, kò nílò kó díbọ́n ní tirẹ̀. Inú rẹ̀ máa ń wú, ó máa ń yàgbẹ́ gbuuru, apá rẹ̀ sì tín-ín-rín. Ìsọ̀ abọ́ tánganran ni Màmá ní l'Ìtòkú. Bí inú Jímọ̀ bá ti ń run ún, wọ́n á pa ìsọ̀ dé, wọ́n á ní kí n sáré lọ ra búrẹ́dì àti mílíìkì inú agolo. "Ta ló ń gbé láfún fún aláìsàn?" ni wọ́n máa ń sọ. Àwọn tó wá kí i náà, ohun kan náà ni wọ́n ń mú lọ́wọ́ wá. Èmi ni mo máa ń rẹ búrẹ́dì náà sínú tíì, tí mo ń fi ṣíbí fún un. Bó bá ní òun ò jẹ mọ́, mo máa ń bẹ̀ ẹ́ pé ṣíbí kan péré ló kù. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, tèmi ni.

Àwọn àgbà ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Wọ́n ní ṣúgà ló fà á. A yọ ṣúgà kúrò nínú tíì rẹ̀, a wá fi mílíìkì kún un.

Nígbà ọlidé kan, wọ́n mú wa lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà, ìyá tó bí Màmá, lóko wọn lẹ́bàá Ìtòrí. Ẹnikẹ́ni kì í ta búrẹ́dì níbẹ̀. Láfún, iṣu sísun, àgbàdo àti ẹja odò la ń jẹ. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, Jímọ̀ ti ń gun igi gúáfà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti yọ. Ayọ̀ pa Màmá lẹ́kún nígbà tí wọ́n wá mú wa. "Afẹ́fẹ́ oko mà dára o!" ni wọ́n wí. Bí a ti délé, búrẹ́dì ńlá kan ni wọ́n fi kí i káàbọ̀.

Ọdún náà kò parí tí Jímọ̀ fi kú. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Mo ti po tíì rẹ̀ sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. N kò mọ ohun tí mo lè fi í ṣe, mo bá mu ún, mo sì ń sunkún.

Nígbà tí Àmínà, ọmọ tèmi, bẹ̀rẹ̀ sí í rù bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, mo gbé e lọ sí ọsibítù. Lẹ́yìn àyẹ̀wò, dókítà ní ara rẹ̀ kò gba àlìkámà, ọkà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì, kò sì gba mílíìkì. Ó béèrè bóyá irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí nínú ẹbí wa. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, omi sì bọ́ lójú mi.

Láti ìgbà náà, n kì í ra nǹkan tí n kò bá tíì ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Ẹ ò ní gbà gbọ́ ibi tí àlìkámà àti mílíìkì ń sá pamọ́ sí: nínú èròjà ọbẹ̀, nínú sọ́séèjì, nínú súwíìtì. Wọ́n á kọ ọ́ wínníwínní, pẹ̀lú lẹ́tà àti nọ́ńbà tí kò yé ẹnikẹ́ni. Wọ́n á kọ "ṣítáàṣì," wọn kò ní sọ bóyá ti ẹ̀gẹ́ ni tàbí ti àlìkámà. Mo máa ń pe nọ́ńbà tó wà lára páálí, wọn kì í sábà gbé e. Àwọn ọmọ tó ń tajà rò pé mo kàn ń fòòró wọn ni.

N kò sọ ọ́ fún Màmá. Mo ní Àmínà kò fẹ́ràn búrẹ́dì ni. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ fi ti Jímọ̀ dá ara wọn lẹ́bi.

Ibà wá mú Àmínà. Màmá gbọ́, wọ́n sì wá sí ilé mi l'Òwu, tàwọn ti búrẹ́dì àti agolo mílíìkì méjì. Wọn kò tíì jókòó tí wọ́n fi ń béèrè ṣíbí. Mo gba búrẹ́dì lọ́wọ́ wọn.

"Ẹ má bínú, Màmá. Dókítà ní kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Òun ló ń yọ inú rẹ̀ lẹ́nu."

"Inú rẹ̀ máa ń wú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ó ń yàgbẹ́ gbuuru?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ràmọ́tà, ṣé ohun tó ṣe Jímọ̀ nìyẹn?"

"Rárá o, Màmá. Ti Jímọ̀ yàtọ̀."

"Ọlọ́run ló mọ̀," ni wọ́n wí.

Láyé ìgbà yẹn, a kò mọ nǹkan kan, a sì ń fi ìfẹ́ bọ́ ọmọ. Lónìí, mo mọ ohun tó wà nínú páálí gbogbo, n kò sì lè sọ ọ́ fún ìyá mi. Láti ìgbà tí eyín ti ń ká lẹ́nu wọn ni Màmá ti ń fi búrẹ́dì rírẹ sínú tíì jẹun láràárọ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti wá kí Àmínà, wọn kò fi búrẹ́dì kan ẹnu mọ́, ẹ̀kọ ni wọ́n ń mu.