Màmá Ilora àti Oúnjẹ Àsansílẹ̀

Bí ẹ bá dé Ilora tí ẹ béèrè ilé tíṣà Hannah Ojúọlá, ọmọdé lásán á mú yín débẹ̀. Ilé ìwé Onítẹ̀bọmi ló ti ṣiṣẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì, ẹ̀kọ́ kan sì wà tó fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ ju ìṣirò lọ. Bí o bá dé ilé onílé tí wọ́n ní kí o wá jẹun, sọ pé o ti yó. Bí wọ́n bá tún rọ̀ ọ́, máa dúpẹ́. Ìgbà tí wọ́n bá bẹ̀ ọ́ délẹ̀ ni kí o tó ṣanwọ́. Wọ̀bìà lẹni tó bá bu òkèlè nígbà àkọ́kọ́, pàṣán sì wà fún wọ̀bìà.

Lọ́dún tó kọjá, Tùmí ọmọ rẹ̀ ní kó wá lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ní Amẹ́ríkà. Kì í ṣe Amẹ́ríkà ni Màmá ń fẹ́ rí o. Pẹ̀lúmi, ọmọ Tùmí, ló ń fẹ́ rí, ọmọ ọdún mẹ́fà tó jẹ́ pé inú fóònù nìkan ló ti mọ ìyá ìyá rẹ̀. Màmá ti rò ó pé bí òun bá ti yọjú báyìí, ọmọ á fò mọ́ òun. Áà! Pẹ̀lúmi kúnlẹ̀ kí i bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó sì sá lọ sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lójoojúmọ́. Bí Màmá bá tẹ́ itan sílẹ̀ fún un, á lọ jókòó sórí àga. Ó dun ìyá àgbà wọ eegun, ọjọ́ tí yóò padà sílé sì ń sún mọ́lé.

Ni Tùmí bá kó wọn lọ sí ọgbà ìṣeré ńlá kan, níbi táwọn èèyàn ti ń fowó ara wọn sanwó kí ẹ̀rọ lè máa jù wọ́n sókè bí ẹni ń fẹ́ ìrẹsì. Kí wọ́n tó kúrò nílé ló ti san owó oúnjẹ sílẹ̀: oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ àti ìpanu kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n de nǹkan pẹlẹbẹ kan mọ́ Màmá lọ́wọ́ bí aago, pé kó máa fi han àwọn olóúnjẹ. Tùmí ní ó dínwó ju kéèyàn máa rà á lọ́kọ̀ọ̀kan lọ, pàápàá fún àlejò tó ti òkèèrè wá tí kò mọ̀nà. Màmá béèrè pé bí ebi ò bá wá pa èèyàn ńkọ́, ṣé wọ́n á dá owó padà? Tùmí ní rárá. Màmá ní ọlọ́gbọ́n èèyàn ni wọ́n, wọ́n ń gbowó ebi kí ebi tó dé.

Lọ́sàn-án, Tùmí mú Pẹ̀lúmi lọ fọwọ́, ó ní kí Màmá máa gba tirẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń bu oúnjẹ rẹ́rìn-ín sí i, ó bi í bóyá ó fẹ́ adìẹ. Màmá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti yó, òun dúpẹ́. Ó wá dúró, ó ń retí kí wọ́n rọ òun. Ọmọ ọlọ́mọ ní kò burú, ó sì yíjú sí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Omi nìkan ni tíṣà wa gbé bọ̀ lórí àwo. Ẹ má wulẹ̀ fi í rẹ́rìn-ín, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń kà á yìí náà á ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Tùmí dé, Màmá tún ní ebi ò pa òun. Tùmí ti pẹ́ lókè òkun jù. Ó gbà á gbọ́.

Nírọ̀lẹ́, ohun kan náà ló tún ṣẹlẹ̀. Tùmí bínú pé owó ti wọgbó, ó sì dìde lọ gba ìpanu, kí nǹkan kan ṣáà lè ti ibẹ̀ jáde. Ó ku Màmá àti Pẹ̀lúmi nídìí tábìlì, olúkúlùkù ń wo ibi tirẹ̀.

Ibẹ̀ ni inú Màmá ti kùn. Kì í ṣe kíkùn kékeré o. Pẹ̀lúmi gbójú sókè, ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí Màmá rí lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti dé. Lẹ́yìn náà ni ojú ọmọ náà yí padà. Ó ti àwo adìẹ rẹ̀ síwájú ìyá àgbà.

Ó ní, “Màmá Ilora, ẹ jẹun.” Yorùbá rẹ̀ ń kọsẹ̀.

Màmá ní òun ti yó. Ọmọ náà ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ díẹ̀. Màmá ní òun dúpẹ́. Ni Pẹ̀lúmi bá sọ̀kalẹ̀ lórí àga, ó yí tábìlì ká, ó gun orí itan ìyá àgbà lọ tààrà, ó sì na adìẹ sí i lẹ́nu.

“Ẹ jẹ ẹ́. Mi ò ní í sọ̀kalẹ̀ àfi tí ẹ bá jẹ ẹ́.”

Ìgbà kẹta rèé. Màmá lanu. Nígbà tí Tùmí fi máa gbé ìpanu dé, ìyá rẹ̀ ń fọ́ eegun, ọmọ rẹ̀ sì wà lórí itan, ó ń bu ọ̀dùnkún díndín sí i lẹ́nu.

Láìpẹ́ yìí, Alhaji Sìrájù, aládùúgbò Màmá, fẹ́ lọ kí ọmọ tirẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n sì ti sọ fún un pé wọ́n á mú un lọ sí irú ọgbà bẹ́ẹ̀. Ó wá béèrè lọ́wọ́ Màmá bóyá oúnjẹ àsansílẹ̀ náà lérè. Màmá là á fún un bí ẹni wà níwájú pátákó. Bí èèyàn bá lè jẹun dáadáa lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, kó san án, ó lérè. Bí ó bá jẹ́ àgbàlagbà tí ìrẹsì ṣíbí mẹ́rin ti tó, kó máa rà á bí ebi bá ṣe ń pa á. Alhaji bi í pé tirẹ̀ ńkọ́, ṣé kò kábàámọ̀ owó Tùmí? Màmá fẹ́ dáhùn ni fóònù dún. Pẹ̀lúmi ni.

“Màmá Ilora, ṣé ẹ ti jẹun?”

Màmá wo àwo iyán tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ tán níwájú Alhaji, ó sì fẹsẹ̀ tì í sábẹ́ àga.

Ó ní, “Rárá o, mi ò tíì jẹun.”

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ọ́.