Ọjọ́ Tí Adájọ́ Bi Mí Pé Iṣẹ́ Wo Ni Mò Ń Ṣe

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìlúpéjú kógbá sílé, ìyàwó mi rọ́jú fúngbà díẹ̀. Nígbà tó yá, ó kó ọmọbìnrin wa lọ sílé ìyá rẹ̀ ní Yábàá. Kò pẹ́ sígbà náà ni kóòtù ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí mo lè máa san fún ìtọ́jú ọmọ náà kí ẹjọ́ ìgbéyàwó wa gan-an tó parí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló sìn mí lọ. Láti Múṣin ló ti ń kì mí nílọ̀.

"Sọ fún wọn pé o ò níṣẹ́ lọ́wọ́. Má fi ọ̀rọ̀ míì kún un o."

Mo ní mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mi ò tíì sọ fún òun pàápàá.

Ní kóòtù, ìyàwó mi jókòó síwájú, kò wo ibi tí mo wà. Adájọ́ jẹ́ obìnrin àgbà kan tí kì í gbé ohùn sókè.

"Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?"

"Mi ò níṣẹ́ lọ́wọ́, mà."

Ni lọ́yà ìyàwó mi bá dìde. Ó ní ẹnìkan rí mi lẹ́nu iṣẹ́ ní Ọ̀yìngbò, pé irọ́ ni mò ń pa fún kóòtù.

Mo gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi mí kanlẹ̀ lẹ́yìn mi.

"Ṣé òótọ́ ni?" adájọ́ bi mí.

Ó ṣe mí bíi kí n sẹ́.

"Òótọ́ ni, mà. Alábàárù ni mí níbẹ̀. Tí ọkọ̀ iṣu bá dé, a máa ń bá wọn já a. Ọjọ́ míì, mi ò ní rí nǹkan kan rù."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ojú ń tì mí. Mi ò kà á síṣẹ́."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Adájọ́ wò ó, onítọ̀hún sì panu mọ́. Ìgbà yẹn ni ìyàwó mi tó yíjú sí mi. Ó wò mí títí, ó wá tẹrí ba.

Adájọ́ dá iye kékeré kan lé mi pé kí n ṣì máa san ìyẹn ná. Ó tún ní kí n máa lọ mú ọmọ náà níléèwé lọ́jọ́ Ẹtì, kó máa sùn lọ́dọ̀ mi di ọjọ́ Àìkú.

Nígbà tá a jáde, omi lé ròrò sójú ẹ̀gbọ́n mi. "O ń ru iṣu, o ò lè sọ fún mi?"

Mi ò tíì dáhùn tí ìyàwó mi fi dé ọ̀dọ̀ wa. Ó kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi, ó wá kọjú sí mi.

"Ẹ tètè débẹ̀ ní Fúráìdè o. Ó máa ń sunkún tí wọ́n bá ti wá mú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ."

Nígbà tí ọjọ́ Ẹtì pé, wọn ò tíì lu aago iléèwé tí mo ti dúró sẹ́nu géètì.