Obìnrin Ojú Irin

Èmi ni mo mú ọ̀rẹ́ mi wá sílé wa. Inú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìsọlọ̀ la ti mọra, gbogbo èèyàn ló sì mọ̀ pé ohùn mi dùn ju tirẹ̀ lọ. Nígbà tó ní òun fẹ́ ṣe àwo orin tí yóò máa sọ ìtàn àwọn ará àtijọ́, mo ní kó wá bá ìyá àgbà mi sọ̀rọ̀ ní Jakande.

Ìtàn tí màmá sọ fún un kì í ṣe tuntun sí mi: bí ìyá ìyá wọn ṣe fi ìlú wọn lápá Abẹ́òkúta sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń la ojú irin, tó gbọ́mọ pọ̀n, tó tẹ̀ lé òṣìṣẹ́ rélùwéè kan, tí wọ́n fẹsẹ̀ rìn dé Oṣòdì. Mo ti gbọ́ ọ títí ó fi sú mi.

Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi bèèrè pé, "Màmá, orin wo ni wọ́n ń kọ fọ́mọ náà lọ́nà?"

Màmá bá dá orin kan tí n kò gbọ́ rí láyé mi.

"Màmá, ẹ ò kọ èyí fún mi rí!"

"Ìwọ náà ò bi mí rí."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti rí màmá tí wọ́n ń kun àtíkè de ọ̀rẹ́ mi ní Sátidé, ṣe ni mo máa ń wọ yàrá lọ ti ilẹ̀kùn. Nígbà tó ní kí n wá bá òun gbe orin náà, mo ní mi ò ráyè.

Àwo orin náà jáde, ó sì gbajúmọ̀. Lọ́jọ́ Túsìdé kan, mo ń yẹ ańkárá wò lọ́jà Aswani, ni orin yẹn bẹ̀rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ohùn ẹlòmíì ló ń gbè é.

Mo sọ fún obìnrin tó ń taṣọ pé, "Ìyá ńlá wa ni obìnrin inú orin yẹn."

Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, gbogbo yín lẹ ti bá a tan báyìí. Ṣé ẹ máa ra aṣọ?"

Inú kẹ̀kẹ́ ni mo ti ń ro ìbéèrè tèmi bọ̀. Bí mo ṣe wọlé, mo jókòó ti màmá. "Màmá, ǹjẹ́ ìyá ìyá yín padà sílùú wọn rí?"

Ojú wọn tàn. "Ìbéèrè gidi nìyẹn! Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ ẹ pè, ó ní òun ń bọ̀ nírọ̀lẹ́ òní. Jẹ́ kó dé, kí n sọ ọ́ fún ẹ̀yin méjèèjì pọ̀."

"Rárá o, màmá. Ẹ sọ ọ́ fún mi báyìí."

Wọ́n wò mí títí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀. Ìtàn náà kò tíì dé ìdajì nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kanlẹ̀kùn. N kò tètè dìde.