Àmì Galen Lára Òpó Ilẹ̀kùn

Bí wọ́n bá tú ilé palẹ̀ ní pákó kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n kọ nọ́ńbà sára gbogbo rẹ̀, tí wọ́n fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé e la ìpínlẹ̀ kọjá, tí wọ́n sì tún un tò sórí òkè kan ní Pennsylvania, ṣé ilé àkọ́kọ́ náà ṣì ni? Mo gba àjíǹde ara gbọ́. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni mo ń fi ẹnu mi jẹ́wọ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Síbẹ̀, láti ìgbà tí mo ti bá ọ̀rẹ́ mi Verlin Haverkamp lọ wo irú ilé bẹ́ẹ̀, n kò tíì rí ìdáhùn sí ìbéèrè yìí.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ọmọ ilé-ìwé ni Verlin kó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, òun àti Ardith ìyàwó rẹ̀ ra mọ́tò onílé kan: bẹ́ẹ̀dì ń bẹ nínú rẹ̀, ìdáná ń bẹ, ilé ìwẹ̀ ń bẹ, tẹlifíṣọ̀n sì jẹ́ méjì. Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ìgbín kì í gbé tẹlifíṣọ̀n. Verlin ní inú igbó lòun ti fẹ́ máa sinmi, àmọ́ kò ní dúró ní ibùdó tí kò bá ní iná àti omi. Èmi tí ìyàwó mi ti kú, wọ́n ní ká jọ lọ, wọ́n sì fún mi ní tábìlì oúnjẹ tó ń di bẹ́ẹ̀dì. Ní ibùdó, mọ́tò tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí eyín, a tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sórí koríko, a sì ń yin ìdákẹ́jẹ́ẹ́ igbó nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń bú ramúramù.

Ilé tí wọ́n bí Verlin sí gan-an la wá wò. Ní Illinois ni bàbá rẹ̀, oníṣègùn eyín, ti ní kí Osgood Tervil, ayàwòrán-ilé olókìkí, ya ilé náà fún òun. Nígbà tí ọ̀nà márosẹ̀ fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá, àwọn tó fẹ́ràn iṣẹ́ Tervil rà á, wọ́n sì kó o wá síhìn-ín. Ní báyìí, Verlin ra tíkẹ́ẹ̀tì kó tó wọ ilé bàbá rẹ̀. Mósè bọ́ bàtà níwájú igbó tó ń jó. Àwa, wọ́n ní ká fi àpò ọ̀rá bo tiwa.

Corinna, òṣìṣẹ́ ibẹ̀, ló mú wa yí ilé ká, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó wà nídìí oúnjẹ Olúwa.

"Òrùlé yìí máa ń jò díẹ̀," ló wí. "Ọ̀gá Tervil fẹ́ kí òjò máa bá ilé sọ̀rọ̀."

"Ó sọ̀rọ̀ dáadáa," ni Verlin dáhùn. "Orí bẹ́ẹ̀dì mi ló ti ń sọ ọ́."

"Verlin, panu mọ́ jàre!" ni Ardith wí. "Àwọn èèyàn sanwó wọlé."

A dé ìdáná. Àwọn ìlà pẹ́ńsùlù kéékèèké wà lára òpó ilẹ̀kùn, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ọ̀kan lórí èkejì.

"Ọ̀gá fúnra wọn ló fà wọ́n," ni Corinna wí. "Ìwọ̀n ara ènìyàn ni wọ́n fi ń wá ìbádọ́gba."

Gbogbo èrò ṣe "háà!" Ọkùnrin kan ya fọ́tò.

"Màmá mi ló fà wọ́n," ni Verlin wí. "Ní ọjọ́ ìbí wa ló fi ń wọn bí a ṣe ga tó. Tèmi ló wà lápá ọ̀tún. Ti òsì, ti Galen àbúrò mi ni."

Ìlà apá òsì kò kọjá ibi bẹ́líìtì Verlin. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló mú Galen lọ ní kékeré.

Corinna rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìtàn yín dùn, sà. Àmọ́ ìbádọ́gba tí kò parí làwọn ọ̀mọ̀wé ń pe ti òsì yẹn."

Verlin na ọwọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà! Ẹ má fọwọ́ kàn án! Òógùn ọwọ́ ń ba igi jẹ́."

Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, a jókòó ti iná, a ń yan sọ́séèjì. Ardith ní, "Gbàgbé ẹ̀, ọkọ mi. Pẹ́ńsùlù lásán ni."

"Lọ́dún tí Galen kú, màmá mi sun gbogbo fọ́tò ẹ̀," ni Verlin dáhùn. "Ibẹ̀ yẹn nìkan ló kù sí." Ó yíjú sí mi. "Ìwọ lo máa ń sọ pé a ó tún rí wọn. Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú," ni mo wí. Ẹnu mi yá jù.

Verlin yí sọ́séèjì rẹ̀ padà lórí iná.

"Ó dáa. Àmọ́ kó tó dìgbà yẹn, bá mi ṣe nǹkan kan. Tílẹ̀ bá mọ́, a máa tún ra tíkẹ́ẹ̀tì. Tá a bá ti dé ìdáná, jọ̀ọ́, ọ̀rẹ́ mi, bi obìnrin yẹn ní ìbéèrè gígùn kan, irú èyí tó o máa ń bi pásítọ̀ lẹ́yìn ìwàásù tí oúnjẹ gbogbo wa fi ń tutù. Kó sáà kọjú sí ẹ. Kí n ráyè fọwọ́ kan ibi tí orí àbúrò mi dé."